Àjẹsára àti Yírùnyírùn Ọmọdé ní Ìlú Bìní

Lójú ọ̀pọ̀ ará gúúsù Nàìjíríà, àrùn Òkè Ọya ni yírùnyírùn, ìyẹn àrùn tí ń mú kí awọ tó bo ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ẹ̀yìn wú, nítorí pé ibẹ̀ ni àjàkálẹ̀ ọdún 1996 ti mú ènìyàn tó lé ní 100,000, tí ó sì pa àwọn tó ju 11,000 lọ. Ní Ìlú Bìní, tó wà ní agbègbè igbó, àrùn náà kì í sábà jà bí àjàkálẹ̀. Ọmọdé ló ń mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kòkòrò méjì ló sábà ń fà á: Haemophilus influenzae oríṣi b, tí wọ́n ń pè ní Hib, àti Streptococcus pneumoniae, tó tún ń fa òtútù àyà. Ọrùn ìkókó lè má le rárá. Ara gbígbóná, àìmu ọmú, àwùjẹ̀ tó wú àti gìrì ni òbí máa ń rí, bẹ́ẹ̀ ibà ẹ̀fọn náà ń fa gìrì, débi pé àfi bí dókítà bá fa omi ẹ̀yìn ọmọ náà yẹ̀ wò kí òtítọ́ tó hàn. Ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Bìní, tí wọ́n ṣí ní 1973, mú kí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe nílùú náà, ṣùgbọ́n oògùn kò lè la etí tí àrùn ti di.

Ètò àjẹsára tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1979 dojú kọ àrùn mẹ́fà, Hib kò sì sí lára wọn. Ní Gámbíà, tí wọ́n sọ abẹ́rẹ́ Hib di ti gbogbo ọmọ ní 1997, ìwádìí tí Richard Adegbola àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005 fi hàn pé yírùnyírùn Hib, tó ti ń mú ju 200 lọ nínú 100,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, kò mú ìkankan mọ́ ní 2002 ní agbègbè tí wọ́n ṣọ́. Ọdún 15 gbáko lẹ́yìn Gámbíà, ní 2012, ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ alápapọ̀ márùn-ún, tí Hib wà nínú rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, tí ti Streptococcus pneumoniae sì tẹ̀ lé e ní ìparí 2014. Ìdádúró tó dunni ni, nítorí abẹ́rẹ́ ti wà láyé nígbà tí ọmọ ń kú.

Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 lẹ́yìn ìbí ni ọmọ ń gba méjèèjì, àǹfààní wọn kò sì mọ sọ́dọ̀ ẹni tó gbà wọ́n, nítorí pé imú àti ọ̀fun ọmọ tí ara rẹ̀ dá ni kòkòrò wọ̀nyí ń gbé, bí abẹ́rẹ́ bá sì ti lé wọn kúrò níbẹ̀, ìkókó tí kò tíì tó abẹ́rẹ́ gbà náà rí ààbò. Ìyá tó gbé ọmọ padà lẹ́ẹ̀kẹta ń dáàbò bo ọmọ aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú, ojúṣe ìjọba sì ni kí ó má ṣe dé ibẹ̀ kí wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti tán.