Ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó àtijọ́ ní England àti Wales gẹ́gẹ́ bí orísun ìtàn ìdílé

Ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó ni ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí a ṣe ní ọjọ́ tí ọkùnrin àti obìnrin di tọkọtaya níwájú àlùfáà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní England àti Wales, irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí a ti ń kọ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1837 wà lára ohun tí àwọn olùwádìí ìtàn ìdílé kọ́kọ́ máa ń wá, nítorí pé ó so ìran méjì pọ̀ lójú ìwé kan ṣoṣo: ó dárúkọ ọkọ àti ìyàwó, ó sì dárúkọ bàbá àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò wúwo bákan náà. Ọjọ́, ibi, orúkọ ẹni tó darí ètò àti ti àwọn ẹlẹ́rìí jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹni tó ń kọ ọ́. Ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibùgbé àti orúkọ bàbá jẹ́ ohun tí tọkọtaya fi ẹnu ara wọn sọ, tí akọ̀wé sì gbà bẹ́ẹ̀.

Bí fọ́ọ̀mù náà ṣe wáyé

Ṣáájú 1837, òfin tí a fi orúkọ Lord Hardwicke pè, tí a ṣe ní 1753, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1754, ló sọ ọ́ di dandan pé, yàtọ̀ sí àwọn Júù àti àwọn ọmọ ìjọ Quaker, inú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni ènìyàn ti gbọ́dọ̀ gbéyàwó kí òfin tó lè kà á sí. Àkọsílẹ̀ ìgbà náà ń sọ orúkọ tọkọtaya, ìjọ àdúgbò tí wọ́n ti wá, àti bóyá ìkéde nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ìwé àṣẹ ni wọ́n fi gbéyàwó, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé wọn. Kò béèrè orúkọ òbí. Àwọn òfin tuntun tí a ṣe ní 1836 ló gba ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ àti ilé ìsìn àwọn ìjọ mìíràn láyè, àwọn náà ló sì mú fọ́ọ̀mù tí ó ní àyè fún orúkọ àti iṣẹ́ bàbá wá. Fọ́ọ̀mù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà títí di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún 2021, nígbà tí a fi orúkọ ìyá kún un. Àdánù ńlá ni àìsí orúkọ ìyá ṣáájú ìgbà náà jẹ́ fún ìtàn ìdílé, pàápàá nígbà tí Scotland ti ń kọ orúkọ ìyá, títí kan orúkọ ìdílé tó ń jẹ́ kí ó tó lọ sílé ọkọ, láti 1855.

Ẹ̀dà àti ojúlówó

Títí di 2021, ìwé ńlá méjì ni a máa ń kọ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, inú wọn nìkan ni ìbuwọ́lùwé gidi sì wà. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni àlùfáà tàbí òṣìṣẹ́ ń da àwọn àkọsílẹ̀ tuntun kọ, kí a tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí General Register Office, ìyẹn ọ́fíìsì àgbà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú, tí òun náà sì ń ṣe ìwé atọ́ka láti inú wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá gba ìwé-ẹ̀rí láti ọ́fíìsì àgbà ń ka ohun tí a ti dà kọ, ìkọ̀wé tó rí níbẹ̀ sì lè jẹ́ ti akọ̀wé nìkan. Lẹ́tà kan tí a ṣì kà ti tó láti sọ orúkọ ìdílé kan di òmíràn, ìwé kan tí a kò sì fi ránṣẹ́ kò ní sí nínú atọ́ka rárá. Michael Whitfield Foster, olùwádìí ará New Zealand, tẹ ìwé kan jáde ní 1998 lórí àwọn àṣìṣe tó kún inú atọ́ka ìgbéyàwó ọ̀rúndún 19. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a wá ojúlówó ìwé ṣọ́ọ̀ṣì rí níbikíbi tí ó bá ṣì wà.

Ohun tí tọkọtaya sọ

Ní ti ọjọ́ orí, ọ̀pọ̀ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ kàn sọ pé ẹni náà «ti dàgbà tó», èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti pé ọdún 21 tàbí ó lé, ìyẹn ọjọ́ orí tí kò ti nílò ìyọ̀ǹda òbí mọ́. Nígbà tí a bá tilẹ̀ kọ iye ọdún, ọ̀dọ́ tó ń sá fún ìdènà òbí lè fi kún tirẹ̀, obìnrin tó ju ọkọ rẹ̀ lọ sì lè dín tirẹ̀ kù. Ibùgbé kò fi bẹ́ẹ̀ dájú, nítorí pé tọkọtaya tó bá wá láti ìjọ àdúgbò méjì ní láti san owó ìkéde ní ọ̀nà méjì, àwọn mìíràn a sì fún àlùfáà ní àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo kí ìnáwó lè dínkù. Àwọn kan tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ lọ sí ìlú tí a kò ti mọ̀ wọ́n: láti 1835 títí di 1907, òfin kò ka ìgbéyàwó ọkùnrin pẹ̀lú àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n aya rẹ̀ tó ti kú sí rárá, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń ṣe é.

Àyè orúkọ bàbá ni ó gbẹgẹ́ jù, òun náà sì ni àwọn olùwádìí gbára lé jù. Kò sí ẹni tó ń béèrè ẹ̀rí, bàbá náà kò sì ní láti wà níbẹ̀. Ẹni tí a bí láìsí ìgbéyàwó lè fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, ṣùgbọ́n ìtìjú níwájú àwọn àna máa ń mú kí àwọn mìíràn kọ orúkọ ọkọ ìyá wọn tàbí ti bàbá àgbà, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ hun orúkọ kan jọ láti inú orúkọ ìdílé ìyá. Iṣẹ́ bàbá náà a máa gòkè sí i lọ́jọ́ ìgbéyàwó, débi pé alágbàṣe oko lè di àgbẹ̀ olóko. Bí a bá kọ ọ́ pé bàbá ti kú, ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá kọ ọ́, kò fi hàn pé ó wà láàyè, nítorí pé kò sí dandan láti sọ ọ́. Ìwé ìbatisí, àkọsílẹ̀ ìkànìyàn àti ìwé ìhágún ni a fi ń yẹ àyè yìí wò, kì í sì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

Síbẹ̀, ìwé kan náà lè pa ohun tí kò sí níbòmíràn mọ́. Ní oṣù kẹjọ 1862, Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Yorùbá tí àwọn jagunjagun Dahomey kó lẹ́rú, tí Ọba Ghezo ti Dahomey sì fi lé Captain Frederick Forbes, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́ ní 1850, fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ará Èkó, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Nínú àkọsílẹ̀ náà, orúkọ «Ina» ló ṣáájú àwọn orúkọ tí a fún un lẹ́yìn ìkólẹ́rú. Àwọn òǹkọ̀wé kan gbà pé Àìná ni, orúkọ àmútọ̀runwá ọmọ tí ìwọ́ lọ́ mọ́ lọ́rùn. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìró rẹ̀ súnmọ́ ọn, ọmọ kékeré bí ọdún márùn-ún sì lè rántí orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkọ̀wé kan tí kò ní àmì ohùn kò tó láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ láti inú rẹ̀ ẹni tó sọ orúkọ náà ní ilé.

Èkó

Irú fọ́ọ̀mù yìí dé Èkó pẹ̀lú: òfin ìgbéyàwó ibẹ̀ ti 1884 tẹ̀lé àpẹẹrẹ ti England, fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ní àyè orúkọ àti iṣẹ́ bàbá kan náà. Níbẹ̀, «bàbá» lè jẹ́ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá tó tọ́ ẹni náà dàgbà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Yorùbá ti ń lo ọ̀rọ̀ náà, orúkọ ìdílé sì lè yí padà láàárín ìran kan: David Brown Vincent, àlùfáà ìjọ Baptist, di Mojola Agbebi ní 1894. Ìwé yìí kò sì sọ ohunkóhun nípa àwọn aya tí a fi ìdána fẹ́ tàbí àwọn ọmọ wọn.