Ibi tí Imáàmù Ṣáfíì ti Kó Ọ̀rọ̀ Jọ

Púpọ̀ nínú wa ló mọ Imáàmù Ṣáfíì mọ́ òfin ẹ̀sìn. Ohun tí a kì í sábà sọ fún àwọn ọmọ wa ni bí ó ṣe gbọ́ èdè tó.

Gásà ni a bí i sí ní ọdún 150 lẹ́yìn Híjírà (767). Baba rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ sí Mẹ́kà láàárín ìbátan baba rẹ̀. Obìnrin náà kò ní owó àáfà. Ìtàn sọ pé bí àáfà bá jáde, ọmọ náà ni í bá a mójú tó àwọn yòókù; èyí ló dípò owó. Ní ọmọ ọdún méje, ó ti há Àlùkùránì sórí. Egungun ẹran ló ń kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí, a sì máa tọrọ bébà àlòkù ní ọ́fíìsì ìjọba kí ó lè kọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ya ìwé ṣeré, ẹ gbọ́!)

Lẹ́yìn náà ló lọ bá ẹ̀yà Hudhayl ní aṣálẹ̀, àwọn tí a mọ̀ sí ọlọ́rọ̀ Lárúbáwá tó já gaara. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bá wọn gbé. Bí wọ́n bá ṣí, a bá wọn ṣí. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, a bá wọn sọ̀. Ẹnu wọn ló ti gba ọ̀rọ̀ àti ewì wọn, débi pé al-Asma'i, àgbà onímọ̀ èdè tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, wá ka ewì Hudhayl níwájú rẹ̀.

Kí ló fi í ṣe? Ẹ wo Súrátul Bákárà, áyà 228: obìnrin tí a kọ̀ sílẹ̀ yóò dúró fún "kúrúù" mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀ méjì lẹ́nu Lárúbáwá: nǹkan oṣù, tàbí àkókò ìmọ́ tó wà láàárín nǹkan oṣù méjì. Àbú Hánífà mú ti àkọ́kọ́. Ṣáfíì mú ìkejì, bíi ti olùkọ́ rẹ̀ Máálíkì, ẹni tí àwa níhìn-ín ń tọ ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ tí obìnrin lè fẹ́ ọkọ mìíràn rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ní ilé-kéú, bí a bá dé ìpín ogún nínú Súrátu Nísáì, a óò ní ìpín ìyekan yàtọ̀ sí ti ọbàkan. Àwọn ọmọ á wò wá bọ̀ọ̀. "Àáfà, kí ni ìyekan?" "Bùrọ̀dá mi" ni gbogbo wọn lẹ́nu wọn. A tún ní láti túmọ̀ Yorùbá tí a fi túmọ̀ áyà! Wọn kò jẹ̀bi. "Wá jẹun" àti "lọ sùn" ni wọ́n ń gbọ́ nílé. Èyí tí wọ́n bá mú lọ kí ìyá àgbà ní Iléyá, tó jókòó gbọ́ bí wọ́n ti ń ka ẹbí, òun ló máa ń dáhùn kí a tó la ẹnu.