Ẹ̀kùrọ́ Èkìtì Lẹ́nu Màlúù Òkè Òkun

Ní ọdún 1913, nǹkan bí 175,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀kùrọ́ ló wọ ọkọ̀ òkun kúrò ní Nàìjíríà. Bí a bá dá a sọ́nà mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́ta ló gba ilẹ̀ Jámánì lọ, àgàgà ìlú Hamburg àti Harburg. Àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ fún òróró rẹ̀, wọ́n fi ṣe ọṣẹ, wọ́n fi ṣe májarín. Ohun tó ṣẹ́kù kò ṣòfò. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń kó èérí ògì fún ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Jámánì ń ra ìyókù ẹ̀kùrọ́ lápò lápò fún màlúù wọn nígbà òtútù tí koríko kò sí. Báyìí ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ṣe di wàrà àti ẹran fún àwọn tí wọn kò mọ̀ rí.

Èkìtì wà lára àwọn tó ń pèsè ẹ̀kùrọ́ yìí. Ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìlawẹ̀, Ìyìn, Ìgèdè àti Ìfàkì, ọ̀pẹ kún oko. Ọkùnrin a gun ọ̀pẹ, a gé ìdì ẹyìn sílẹ̀. Obìnrin a sè é, a gún un, a fún epo rẹ̀. Ìhá a di ohun ìdáná. Kóró tó ṣẹ́kù ni wọ́n máa ń sá sóòrùn, tí wọ́n á sì fi òkúta fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀kùrọ́ lè bọ́ kúrò nínú eésan. Tìyá tọmọ ló ń jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nínú ilé, àdín ni wọ́n ń fi í ṣe, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lásán pẹ̀lú. Àwọn àgbà kúkú sọ pé ẹ̀kùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó òyìnbó dé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ di ẹrù ọjà.

Ọ̀nà tí ẹrù náà gbà kò rọrùn. Ogun Kírìjí láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, sọ ọ̀nà Ìbàdàn di ọ̀nà ọ̀tá fún ará Èkìtì. Ọ̀nà Oǹdó, tí Glover, alákòóso Èkó, ti là ní 1872, ló kù fún wọn: láti Èkìtì dé Oǹdó, láti Oǹdó dé etí ọ̀sà, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé ẹrù dé Èkó. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, àmọ́ ọdún 1893, nígbà ìrìn àjò Carter, gómìnà Èkó, ni àwọn ológun tó tú ká kúrò ní bùdó. Ọ̀pọ̀ wọn padà sóko. Nígbà tí ojú irin dé Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn alárù Èkìtì rí ọ̀nà mìíràn gbà. Ní Èkó, àwọn oníṣòwò Hamburg bíi Gaiser wà lára àwọn tó ń dúró dè é.

Kí ni màlúù ń rí nínú rẹ̀? Bí a bá fún òróró tọ́ọ̀nù ẹ̀kùrọ́ kan, nǹkan bí ìdajì tọ́ọ̀nù ló máa ṣẹ́kù. Òun ni àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹran ń pè ní PKC lónìí. Nínú ọgọ́rùn-ún kílò rẹ̀, nǹkan bí kílò 16 sí 18 jẹ́ èròjà amúaradàgbà. Kò tó ti ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, tó ń lọ sí bíi 45. Ó gbẹ, ó sì le lẹ́nu, tó bẹ́ẹ̀ tí màlúù tí kò jẹ ẹ́ rí kì í kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Adìẹ kò lè jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n màlúù ní ṣàkì. Àìmọye kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbé inú ṣàkì yẹn. Àwọn ló ń tú oúnjẹ líle palẹ̀, tí wọ́n sì ń fi í dàgbà. Nígbà tí wọ́n bá ṣàn wọ inú ìfun, àwọn fúnra wọn á di amúaradàgbà fún màlúù.

Ogun Àgbáyé Kìíní dé ní 1914, òwò pẹ̀lú Jámánì sì dá dúró lójijì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá rí i pé ilẹ̀ tí àwọn ń ṣàkóso ló ti ń bọ́ màlúù ọ̀tá àwọn. Ní 1915 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lórí èso olóróró Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìgbìmọ̀ náà sì jábọ̀ ní 1916. Ìṣòro wọn kì í ṣe ti òróró nìkan. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ oúnjẹ ẹ̀kùrọ́. Ìyókù kóró òwú àti ti linseed ni màlúù wọn mọ̀. Bí kò bá sì sí ẹni tí yóò ra ìyókù ẹ̀kùrọ́, èrè ẹni tó ń fún òróró kò lè tó nǹkan. Ní 1919, wọ́n gbé owó ibodè £2 lé orí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tó bá ń lọ sí ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fagi lé e ní 1922.

Màlúù Hamburg àti màlúù Liverpool ni wọ́n ń jà lé lórí. Ti Èkìtì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Lóòótọ́, màlúù kò pọ̀ ní ilẹ̀ igbó nígbà náà. Eṣinṣin tsetse ń gbé àrùn tó ń mú ẹran rù títí yóò fi kú. Àwọn bíi Muturu ló fara dà á, màlúù kúkúrú tí kò ní iké. Àwọn ńlá, oníké, òkè Ọya ni wọ́n ti ń dà wọ́n wá, wọ́n ń gba Ìlọrin kọjá. Koríko ẹ̀bá ọ̀nà ni oúnjẹ wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì ti rù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ alápatà.

Nígbà tí ilẹ̀ Japan gba Malaya ní 1942, àìní òróró tún gbóná, ìjọba sì rọ tọmọdé tàgbà kí wọ́n fọ́ ẹ̀kùrọ́ sí i. Ní 1960, ju 400,000 tọ́ọ̀nù lọ ló kúrò ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni epo rọ̀bì gba iwájú. Ní 1975 àrùn kan run ẹ̀pà òkè Ọya lọ rẹpẹtẹ, oúnjẹ ẹran tí wọ́n ń fi ẹ̀pà ṣe sì di ọ̀wọ́n. Ní 1985 ìjọba fòfin de àgbàdo òkèèrè. Ìgbà yẹn ni àwọn onímọ̀ tẹra mọ́ wíwá ohun mìíràn tó lè rọ́pò. Yunifásítì tó di EKSU lónìí ti wà ní Adó láti 1982, FUTA ti wà ní Àkúrẹ́ láti 1981. Ní ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ni wọ́n ti dán ewé ẹ̀gẹ́ wò, àmọ́ ti adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ní Ìbàdàn, àjọ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ILCA dán ewé agúnmániyè wò fún àgùntàn àti ewúrẹ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n lọ egungun àti ẹran òkú ẹran mọ́ oúnjẹ màlúù, kí amúaradàgbà rẹ̀ lè pọ̀. Ní 1986 ni wọ́n rí àrùn wèrè màlúù, èyí tí oúnjẹ yìí ń tàn kálẹ̀. Ní 1988 wọ́n fòfin de irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ fún ẹran tó ń jẹ àpọ́jẹ. Ní 1996 ìjọba wọn kéde pé ó jọ pé àrùn náà ti ran èèyàn. Láti ìgbà náà, ohun tó hù nínú ilẹ̀ ni Yúróòpù gbára lé jù fún màlúù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ màlúù wá kan Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n ní 2016. Lẹ́yìn ìkọlù tó pa èèyàn ní Òkè-Akò ní oṣù Èbìbí, tí wọ́n fura sí àwọn darandaran lórí rẹ̀, Gómìnà Ayọ̀délé Fáyóṣe fọwọ́ sí òfin kan ní oṣù Ògún tó ní kí ìjẹko mọ sí ilẹ̀ tí ìjọba bá yàn, láàárín aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ní 2021 àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n sì fẹnu kò pé kí dída màlúù kiri dópin. Bí màlúù kò bá lè rìn lọ bá koríko mọ́, ẹnì kan ní láti gbé oúnjẹ wá bá a. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló le jù: amúaradàgbà inú koríko gbígbẹ lè má tó ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, ebi á pa kòkòrò inú ṣàkì, màlúù á sì máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹ.

Ohun tí a lè fi dí àlàfo yẹn kò jìnnà. Amúaradàgbà inú ewé agúnmániyè ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èérí ìrẹsì wà ní Ìgbẹ́mọ. Èèpo ẹ̀gẹ́ wà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Àjọ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ILRI ní Ìbàdàn sì ti fi hàn pé bí a bá rin ín, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì sá a, tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù á di ọ̀kan gbígbẹ, oró rẹ̀ á sì dín kù. Okun ni èèpo ẹ̀gẹ́ ní, amúaradàgbà rẹ̀ kéré. PKC ló yẹ kí a pò mọ́ ọn. Kílò méjì PKC lóòjọ́ á fún màlúù kan ní nǹkan bí 340 gíráàmù amúaradàgbà. Fún ọgọ́fà ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, 240 kílò ni, ìyẹn ìyókù ìdajì tọ́ọ̀nù ẹ̀kùrọ́.

Àtipa á mọ́ ló kù. Ìgbà tí ẹyìn ń pọ̀ jù, láti oṣù Èrèlé títí dé Èbìbí, kò bá ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn mu, òróró díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù nínú PKC sì máa ń kan bí ó bá pẹ́. Nítorí náà, àká gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ló yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn olùsìn ẹran kọ́kọ́ kọ́ sí tòsí àwọn tó ń fún òróró ẹ̀kùrọ́, kí wọ́n máa ra ìyókù rẹ̀ nígbà tó bá pọ̀, kí wọ́n sì máa tà á fún olùsìn màlúù láti oṣù Bélú lọ.