Kí Bàbá Sàlá Tó Di Aláwàdà

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ògòtún Èkìtì níhìn-ín pé ta ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, yóò kọ́kọ́ ronú ná. Ẹ wá pe Bàbá Sàlá fún un, kíá lẹ̀rín yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Awò ràgàjì lójú, táì labalábá tó tó abẹ̀bẹ̀ lọ́rùn, aago orí tábìlì tó so mọ́ra bí aago ọwọ́: bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n orin ló kọ́kọ́ gbé ọkùnrin náà jáde, kì í ṣe àwàdà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, aládùúgbò àwa ará Ògòtún. 1936 ni wọ́n bí i. Ní 1964, ó ti ń darí ẹgbẹ́ olórin háíláìfù kan, Federal Rhythm Dandies. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ rò ó wò: ta ló fẹ́ jẹ́ Ọláìyá nídìí háíláìfù nígbà yẹn, nígbà tí Victor Ọláìyá, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ìjẹ̀ṣà-Isu Èkìtì wá, ń fun fèrè kárí Nàìjíríà? Lójú tèmi, ọjà náà ti kún.

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ yẹn kò lọ lásán. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ta gìtá níbẹ̀, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ní 1967, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Green Spots. Ta ni? King Sunny Adé ni!

Ní Amẹ́ríkà, Ray Stevens fi orin ṣe àwàdà, rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ "The Streak" sì gba ipò kìíní níbẹ̀ ní 1974. Òun kò kúrò nídìí orin. Moses tiwa yà síbòmíràn: ó pa háíláìfù tì, ó dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn sì gbé e wọ inú ilé wa. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ọ̀nà kejì náà ní ẹ̀gún o. Ní 1982 ó ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru, tí Ọlá Balógun darí. Àwọn olè jí i dà kọ, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣé ó jókòó sunkún? Rárá o. Ààrẹ Àgbáyé tẹ̀ lé e ní 1983, Mosebọ́látán ní 1985. Ẹni tó ti fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ rí, tí kò kú, ẹ̀rù kì í tètè bà á.

Ó papò dà ní 2018. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá kọ́ iṣẹ́ kan tí kò lérè, tó fẹ́ gbìyànjú òmíràn, ẹ má tètè pè é ní aláìnílàákàyè. Àwa tí a ń hun ẹní ní Ògòtún mọ̀ ọ́n: bí ẹní bá parí, kò sẹ́ni tó ń wo ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló di gbogbo ìyókù mú.