Fàdákà Dàhómì ti ọdún 1971: àwọ̀ rẹ̀ àti iye rẹ̀

Ní ọdún 1971, ìjọba Dàhómì mú owó àkànṣe jáde fún ìrántí ọdún mẹ́wàá òmìnira tí a gbà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Mẹ́rin jẹ́ fàdákà: 100, 200, 500 àti 1000 fàráǹkì, mẹ́rin jẹ́ wúrà, láti 2500 títí dé 25 000. A kò ná wọn lọ́jà, nítorí owó BCEAO ni à ń ná nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ná an lónìí. Àwọn tí ń kó owó jọ ni a ṣe wọ́n fún.

Ọdún mẹ́wàá náà kò rọrùn. Àwọn ológun dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba ní 1963, 1965, 1967 àti 1969. Nígbà tí owó náà jáde, Maga, Apithy àti Ahomadégbé ni wọ́n jọ wà nínú ìgbìmọ̀ ààrẹ, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹkùn tirẹ̀ lẹ́yìn. Àfi bí ẹni ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: obìnrin Somba láti òkè àríwá ni a yà sára 1000 fàráǹkì. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, àwọn ológun tú ìgbìmọ̀ náà ká. Ní 1975, orúkọ Dàhómì pàápàá yí padà di Bẹ̀nẹ̀.

Bí ìdílé kan bá jogún owó yìí, àríyànjiyàn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí àpótí. Owó tí ó ń dán bí dígí nígbà kan ti di pupa rẹ́súrẹ́sú, etí rẹ̀ sì ti di aró. Ẹnì kan á ní ayédèrú ni. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n mú eérú wá. Àwọn méjèèjì ṣì í. Èyí kì í ṣe ìpẹtà irú ti irin. Imí-ọjọ́ tí ó wà nínú afẹ́fẹ́, nínú páálí àti nínú rọ́bà ni ó ń bá fàdákà dàpọ̀, tí ó sì ń fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Bí awọ náà ti ń nípọn sí i, ìmọ́lẹ̀ ń fi í hàn ní àwọ̀ ìyeyè, lẹ́yìn náà pupa, aró, títí yóò fi dúdú. Ọ̀rinrin, irú èyí tí a mọ̀ dáadáa ní Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà, a máa mú un yá.

Eérú, yanrìn tàbí ọṣẹ ìfọyín á họ fàdákà fúnra rẹ̀ kúrò pẹ̀lú awọ náà. Ojú dígí yẹn kò ní padà mọ́, olùkówójọ á sì rí i lẹ́ẹ̀kan náà, á gé owó rẹ̀ wálẹ̀. Àwọ̀ tí ó tẹ́jú tí ó sì lẹ́wà lè fi kún iye. Dúdú kìjikìji a máa dín in kù. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú: àwọn oníjìbìtì kan ń fi imí-ọjọ́ pa owó láró.

Ní ti iye, 1800 fàráǹkì ni a kọ sára fàdákà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn tó 90 gíráàmù fàdákà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara, nítorí náà alágbẹ̀dẹ á san jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Nígbà tí wọ́n gé iye séfà sí ìdajì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, fàdákà inú wọn kò dín. Iye kẹta ni ti olùkówójọ, tí ń wo ojú owó, àpótí rẹ̀ àti ìwé rẹ̀.

Ẹ di owó náà mú ní etí, ẹ má fi rọ́bà dì í, ẹ má sì ya ìwé rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ẹ ya fọ́tò ojú méjèèjì, kí ẹ sì bi àgbà ilé léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín àti bí ó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí ẹ fi í sínú àpótí kan náà.