Kẹ̀kẹ́ Oníná Fífúyẹ́: Ìwọ̀n, Bátìrì àti Agbára Ẹ́ńjìnnì

Kẹ̀kẹ́ oníná fífúyẹ́ ni kẹ̀kẹ́ ológeere tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré àti bátìrì níwọ̀nba, tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju kílò 20 lọ. Àwọn kẹ̀kẹ́ oníná tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yúróòpù ń sún mọ́ kílò 25. Ẹni tó gùn ún ní láti máa fi ẹsẹ̀ wà á kí ẹ́ńjìnnì tó ràn án lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ Yamaha ló kọ́kọ́ gbé irú ètò yìí wá sọ́jà, ní Japan lọ́dún 1993.

Bátìrì ló ń fa púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Sẹ́ẹ̀lì líthíọ́ọ̀mù roboto ló kún inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 21700 ga ní mílímítà 70, ó wọn nǹkan bíi gíráàmù 70, ó sì ń gba bíi wọ́ọ̀tì-wákàtí (Wh) 18. Bátìrì 360 Wh nílò 20 irú rẹ̀, ìyẹn kílò 1.4, ká tó ka wáyà àti àpótí tó bò ó. Ẹni tó bá fẹ́ 720 Wh yóò gbé ìlọ́po méjì, egungun kẹ̀kẹ́ náà yóò sì ní láti nípọn sí i kó lè gbà á sínú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí kẹ̀kẹ́ bá ṣe fúyẹ́ tó ni bátìrì rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó. Ìṣirò kò fi bẹ́ẹ̀ gbè wọ́n lẹ́yìn. Ká ní ẹni tó wọn kílò 80 fẹ́ gun òkè tó ga ní mítà 500. Bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ kílò 15, agbára tí yóò gbé e dé òkè tó nǹkan bíi 129 Wh. Bó bá jẹ́ kílò 25, ó di 143 Wh. Odidi kílò 10 kò jẹ tó ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan! Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí eré bá ti ń le, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ agbára jù, ìyẹn kò sì kan ìwọ̀n. Ohun tó ń mú kí bátìrì kékeré pẹ́ ni pé ẹ́ńjìnnì kékeré kì í ṣèrànwọ́ púpọ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún ló ń ṣe ìyókù.

Ẹ́ńjìnnì SL tí ilé iṣẹ́ Specialized gbé jáde lọ́dún 2019 wọn kílò 1.95, agbára ìyípo rẹ̀ sì jẹ́ 35 Nm. Ẹ́ńjìnnì ńlá ti ilé iṣẹ́ Bosch, Performance Line CX, ní 85 Nm lọ́dún 2023. Láàárín wọn ni HPR50 ti ilé iṣẹ́ TQ ní Jámánì wà, pẹ̀lú 50 Nm àti kílò 1.85. Lọ́dún 2023, Bosch náà mú SX wá: 55 Nm, kílò 2. Ẹni tó bá ń yí ẹsẹ̀ kíákíá ló ń rí gbogbo agbára SX gbà. Ẹni tó bá ń fi gíà líle wọ́ ọ kò ní rí i.

Níbo wá ni fífúyẹ́ ti wúlò? Òfin Yúróòpù ní kí ẹ́ńjìnnì dáwọ́ ìrànwọ́ dúró ní kìlómítà 25 láàárín wákàtí kan. Láti ibẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ nìkan ló kù, kẹ̀kẹ́ wíwúwo yóò sì fi hàn ọ́ ní kíá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bí bátìrì bá kú lọ́nà, tàbí bí ilé rẹ bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí òkè gíga àti ẹrù bá jẹ́ ìṣòro rẹ lójoojúmọ́, ra ẹ́ńjìnnì ńlá, kí o sì gba ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ ọn.