Iṣẹ́ Iná Mànàmáná: Bí Ọmọ Wa Ṣe Lè Kọ́ ọ Nílùú Onílùú

Ẹ̀yin ará wa, yálà Kánò lẹ wà o, tàbí Jọ́ọ̀sì, tàbí Pọtakọ́ọ̀tù, kò sí ìlú tí wọn kì í wá oníṣẹ́ iná. Àwa tá à ń tajà mọ̀ ọ́n: bí wàhálà bá dé, ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé gbé sá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ṣeé gbé lọ ibikíbi. Ọ̀nà tí ọmọ lè gbà wọ iṣẹ́ yìí rèé.

Wíwá ọ̀gá. Ọ̀gá náà lè jẹ́ Yorùbá, Haúsá tàbí Ìgbò. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ béèrè ilé tó ti ṣe, kẹ́ ẹ lọ fojú yín rí i. Kẹ́ ẹ tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́, ẹ kọ àdéhùn sínú ìwé: iye ọdún, owó ẹ̀kọ́, ẹni tó máa ra irinṣẹ́, àti owó fírídọ́ọ̀mù. Kí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ṣe ẹlẹ́rìí.

Ohun tí ọmọ máa kọ́. Páìpù ni wọ́n sábà máa fi bẹ̀rẹ̀, torí ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré dẹ́kìn. Wáyà ń tẹ̀ lé e. Wáyà 1.5 ni ti gílóòbù, 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Sítóòfù oníná ń fẹ́ èyí tó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wáyà bá kéré sí ẹrù tí wọ́n gbé lé e, á gbóná, ilé sì lè jó. Nílé àtijọ́, wáyà pupa ló ń gbé iná, dúdú ni neutral. Nílé tuntun, búráùn ló ń gbé iná, búlúù ni neutral. Síbẹ̀, ẹnì kan lè ti fà á lódìlódì, torí náà tẹ́sítà ni kí ọmọ gbà gbọ́, kì í ṣe àwọ̀. Iná ilé wa jẹ́ 230 fóòtì. Ó ń pa èèyàn. Ọ̀gá tó bá ní kò pọn dandan ká ri irin earth mọ́lẹ̀, ẹ mú ọmọ yín kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí. Ibi tẹ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ lajú nìyí. Ìwé fírídọ́ọ̀mù dáa, àmọ́ ibi tí wọ́n ti mọ ọ̀gá nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó kó láti Kánò lọ sí Wàrí, ta ló máa jẹ́rìí ẹ̀ níbẹ̀? Ìwé ìjọba ni. Kó lọ ṣe trade test ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Grade 3 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, Grade 1 ló ga jù. Ẹni tó bá lọ sí technical college lè ṣe ìdánwò NABTEB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1992. NEMSA ló ń fún àwọn tó ń ṣe wáyà ilé níwèé àṣẹ.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti ṣe fírídọ́ọ̀mù tí kò tíì ṣe trade test, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Kó ṣe é nígbà tí ọ̀gá ẹ̀ ṣì wà nítòsí láti bá a fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.